Adìẹ Dókítà Fadérera

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí i tí wọ́n fi ń pa á lówe pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ? Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, kó fọwọ́ bo ẹnu ná. Èyí tí mo mọ̀ rèé, Dókítà Fadérera ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Fadérera ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni. Kì í ṣe dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ o, dókítà oníwàádìí ni, oró ejò ló sì ń wádìí. Ejò ló bu ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ lóko. Kí wọ́n tó gbé e dé ibi tí abẹ́rẹ́ wà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ẹ̀pa tí apá tálákà lè ká. Ó máa ń fún adìẹ ní oró tíńtín, ara adìẹ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oró jà, ohun tó fi ń bá a jà yóò sì wà nínú ẹyin rẹ̀. Nínú gbogbo adìẹ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹyin rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó sọ ọ́ ní Arẹwà.

Owó ìwádìí wá jáde fún àwọn onímọ̀ ìṣègùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀. Ẹnì kan péré ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè fà kalẹ̀, Fadérera sì ni tiwọn fà kalẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì yunifásítì nìkan ni wọ́n ti lè fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, wọn ò sì ní gbà á mọ́ tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù. Láàárọ̀, ó ti parí gbogbo rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Arógundádé, ọ̀gá rẹ̀, kà á, inú rẹ̀ dùn.

"Fi ránṣẹ́ báyìí, ọmọ mi. Má fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó ti lọ, sà," ni Fadérera wí.

Kò tíì lọ. Àwòrán iwájú iṣẹ́ náà ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí ẹyin lásán ló wà níbẹ̀. Ó ní bí àwọn olówó bá rí òun nínú ẹ̀wù funfun, tí Arẹwà jókòó lápá òun bí ọmọ ọba, ta ni yóò lè sọ pé rárá? Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Ráfíù tó ń tọ́jú àwọn adìẹ pé kó gbé Arẹwà wá sí ọ́fíìsì òun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Dókítà, adìẹ yìí ò dé òkè rí o."

"Bàbá, fọ́tò kan péré ni."

Wọ́n ya ọ̀kan, Arẹwà kẹ̀yìn. Wọ́n ya òmíràn, Fadérera dijú. Ó ní kí Bàbá Ráfíù tan iná fóònù kí ojú àwọn lè mọ́lẹ̀. Iná kọ mànà! Arẹwà ké, ó fò, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó sì bà lé wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, okùn dúdú tín-ín-rín tí wọ́n nà láti òrùlé ilé kejì wọ ọ́fíìsì náà.

Arẹwà sanra. Okùn tẹ̀ wọ̀lọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Adìẹ na ìyẹ́, ó ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Fadérera sáré tẹ kọ̀ǹpútà láti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Bí okùn bá fì lọ, iṣẹ́ náà á sún díẹ̀. Bó bá fì bọ̀, ohun gbogbo á dúró, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ lé e!"

Bàbá Ráfíù gbé ìgbálẹ̀ sókè.

"Ẹ má lé e! Tó bá já bọ́ ńkọ́?"

"Ṣé kí n lé e ni àbí kí n má lé e?"

"Ẹ rọra lé e!"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń rọra lé adìẹ, Dókítà?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ìsàlẹ̀. Ọ̀kan gbé ọ̀pá wá. Fadérera yọrí lójú fèrèsé, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan adìẹ yẹn, òun àti olúwarẹ̀ ni. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyáàfin Ṣówándé ni, láti ọ́fíìsì ìwádìí tó wà lódìkejì ọgbà.

"Dókítà, a ò tíì rí tiyín o. Kí ló ń dá yín dúró?"

"Adìẹ ni, mà."

"Ẹ tètè jẹ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́!"

Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti wọlé. Ó wo adìẹ, ó wo Fadérera.

"Ṣebí o ní ó ti lọ?"

Fadérera nawọ́ sí adìẹ lójú fèrèsé.

"Ó dáa. Kí ló dé tí o ò kó o sórí fláàṣì, kí o gbé e lọ bá Ìyáàfin Ṣówándé? Ṣé adìẹ wà lórí okùn tiwọn náà ni?"

Láti ọ̀sán ni Fadérera ti ń bẹ adìẹ lójú fèrèsé, ọgbọ́n yẹn ò sọ sí i lọ́kàn. Ó kó iṣẹ́ náà sórí fláàṣì, ó ki eré mọ́lẹ̀, bàtà kan bọ́ lọ́nà, kò wẹ̀yìn. Ìyáàfin Ṣówándé ti ṣí kọ̀ǹpútà dè é. Bí wọ́n ṣe ki fláàṣì bọ̀ ọ́ báyìí, aago mẹ́rin lù. Ojú ìwé náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì tì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Dókítà. Ká ní ẹ tètè dé díẹ̀ ni."

Ká ní yẹn ni Fadérera ń gbé bọ̀ lọ́nà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lásán. Ká ní ó fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ká ní kò parọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó rántí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó rántí àwọn tí yóò tún fẹsẹ̀ lásán wọ inú koríko lọ́dún yìí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dé, Arẹwà ti fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́ Bàbá Ráfíù. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó yé ẹyin mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Okùn náà ò sì nà dáadáa mọ́.

Àwọn àgbà yunifásítì pè é pé kó wá ṣàlàyé bí owó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ojú tì í láti dárúkọ fọ́tò. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, adìẹ ló bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà relé.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ dòní: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ara ẹni tó ní kí wọ́n gbé adìẹ gòkè ńkọ́? Òwe ò tilẹ̀ dá sí tirẹ̀.