Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àwọn Àlejò London

Láyé ìgbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ẹ bá ń ti Mile 12 bọ̀ wá sí Ìkòsì, tí ẹ gbọ́ tí ẹnì kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú ajá ẹ̀, ẹ ti dé ilé Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì nìyẹn. Ajá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òun tó ń sọ ọ́ gan-an, díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́. Ṣùgbọ́n kọ́là ọrùn ẹ̀ á le gbagidi nínú oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà títì.

Ọláwuyì Ọrùn-ò-ṣeé-yí! Akọ̀wé tó ń fi imú sọ̀rọ̀ kí ẹnu má baà dọ̀tí! Onílé yàrá mẹ́wàá, ṣáláńgá kan ṣoṣo!

Karimot wà lára àwọn ayálégbé ẹ̀. Mọ́ínmọ́ín ló ń sè fún àwọn awakọ̀ lọ́rì, ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé tí gbogbo ilé jọ ń lò ló sì ti ń sè é. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ọmọ ẹ̀ ti ń wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò débẹ̀, ó bá àwọn bíríkìlà tí wọ́n ń po sìmẹ́ǹtì. Ààrò ẹ̀ ti wà níta bí ìyàwó tí wọ́n lé jáde.

"Daddy, kí ló dé?" ló bi Ọláwuyì, tó dúró ti àwọn bíríkìlà.

"Mò ń retí àlejò láti London. Ibí ni wọ́n máa gbé."

"Òyìnbó? Nínú ilé ìdáná?"

"Ẹranko ni wọ́n, Karimot. Níúùtì lorúkọ wọn."

Shittu télọ̀, tó ń ránṣọ ní fàráńdà, dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ̀n-ẹ́n? Báwo lòun ṣe rí?"

"Ó fojú jọ aláǹgbá, ó nírù, ó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó ń gbé inú omi, ó tún ń gbé orí ilẹ̀. Ẹranko ọlọ́làjú ni. Kì í pariwo, kì í fò kiri bíi tibí. Ó ń rọra rìn ni, bíi lọ́yà."

"Àwa ńkọ́, níbo ni ká ti máa dáná?" Karimot ló bi í.

"Yàrá lẹ gbà lọ́wọ́ mi. Ta ló gba iná?"

Ohun tí kò sọ nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ń wú iyanrìn lẹ́bàá odò Agboyi ló ti ń ṣe akọ̀wé. Ọ̀gá òyìnbó ibẹ̀ ń sin níúùtì nínú àpótí gíláàsì: omi lápá kan, yẹ́ẹ̀pẹ̀ tútù, òkúta àti ewé lápá kejì, kí wọ́n lè rọra gòkè bó bá wù wọ́n. Ilé iṣẹ́ yẹn sì ń wá odindi ilé fún àwọn ẹnjiníà ẹ̀. Ọláwuyì rò ó, ó rẹ́rìn-ín. Tí ọ̀gá bá lè rí níúùtì nílé òun, á gba odindi ilé náà lówó gọbọi nìyẹn, kí àwọn ayálégbé máa di ẹrù wọn.

Atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Bartholomew ló bá a wá wọn ní Apapa. Ó gbé agolo kan wá, omi wà nínú ẹ̀, nǹkan kéékèèké sì ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìrù wà, ẹsẹ̀ mẹ́rin wà.

"London nìyẹn, Ọ̀gá," ni Bartholomew wí.

Ọláwuyì ò bi í ní nǹkan kan. Ó da owó Údójì ẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tó dórí ilé kíkọ́, ó ní yẹ́ẹ̀pẹ̀ ò bá ipò òun mu. "Ewé jíjẹrà? Ṣé oko ni mo wà ni?" Ó mọ odò kékeré, ó lẹ táìsì sí i. Ibi tó yẹ kó jẹ́ ilẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré alájà kan tó ní báńkóònì ló kọ́ síbẹ̀, ó fi tẹ̀ràsò ṣe é, ó kun ún lọ́dà.

"Daddy, kí ni níúùtì fẹ́ fi báńkóònì ṣe?" ni Shittu bi í.

"Kí wọ́n lè gba atẹ́gùn."

Ó da agolo sínú odò, ó sì yára fi kọ́tìnì dúdú bò ó, ó fi pákó tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ojú ayé pọ̀ jù ní Ìkòsì. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun pa mọ́ kí ìkómọ tó pé ló ṣe gbé wọn pa mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ò yọjú, ó ní ojú onílé náà lè wúwo. Ihò kan ló ń gbà ju ekòló sí wọn, á dijú pinpin.

Ọ̀gá lọ lífù nílùú wọn. Oṣù kan di méjì, ekòló ń wọlé, kọ́tìnì ò ṣí. Tí nǹkan bá ké lábẹ́ ẹ̀ lálẹ́, ta ló máa fura? Òjò ń rọ̀, gbogbo àbàtà Ìkòsì ló ń ké.

Abẹ́ agbòòrùn ni Karimot ń dáná sí. Òjò á pa iná, mọ́ínmọ́ín á di ọbẹ̀, àwọn awakọ̀ á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Lórí ìyẹn náà, Ọláwuyì tún kan ilẹ̀kùn kiri: kí kálukú jáde lópin oṣù.

Ọjọ́ Sátidé tí ọ̀gá dé, tòun tìyàwó, gbogbo àdúgbò ló ti kún ẹ̀yìnkùlé. Ọláwuyì wọ kóòtù. Ó tẹrí ba.

"My Oga, Madam. Ẹran ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹran tí kì í—"

"Kọ̀ọ́ọ̀!" ni abẹ́ kọ́tìnì wí.

"Ikọ́ ni," ni Ọláwuyì wí. "Ojú ọjọ́ ibí ni kò tíì mọ́ wọn lára."

Ó ṣí kọ́tìnì.

Ọ̀pọ̀lọ́! Ọ̀pọ̀lọ́ kìjikìji! Èyí tó sanra jù jókòó sí báńkóònì bíi bàbá onílé, ọ̀fun ẹ̀ ń wú, ó ń ké. Àwọn tó kù fò jáde. Ọ̀kan bà lé fìlà Madam, òmíì wọ àpò kóòtù Ọláwuyì lọ.

Shittu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Daddy, ìrù wọn dà?"

"Ìrù... ìrù wọn lọ lífù!"

Ọ̀gá òyìnbó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Olawuyi, these are toads! Just toads!"

"Yes sir. Ọ̀pọ̀lọ́ London ni, sir."

Ẹ̀yìnkùlé wó fún ẹ̀rín. Madam já fìlà sọnù, ó ti dé inú mọ́tò. Ọ̀gá tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ wo yàrá kan ṣoṣo nínú yàrá mẹ́wàá. Ọláwuyì ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò, "Sir! Sir! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́, sir?" bẹ́ẹ̀ ni àpò ẹ̀ ń ké kọ̀ọ́ọ̀, kọ̀ọ́ọ̀.

Nígbà tó fi padà dé, Karimot ti gbé ààrò lé orí tẹ̀ràsò. Iná ti ń jó. Kò sẹ́ni tó lọ sílé.

"Karimot! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń dáná, Daddy."

"Nínú ilé àwọn..."

Gbogbo àdúgbò ń wo ẹnu ẹ̀, wọ́n ń dúró kó sọ ilé ta ni.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́," ni Karimot wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè, "ẹ bá mi gbé àlejò yín kúrò nídìí iná, kó má lọ jóná."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé, tòun ti kóòtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀pọ̀lọ́ náà.