Ìbídàpọ̀ Kì í Sáré

Ẹ bá mi mọ Ìbídàpọ̀, ẹni tó ń ta ṣájà fóònù ní ìkóríta Ore. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ti wọ̀ ọ́ lára ju ìlera lọ: kúùlù. Bí òjò bá dá tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ wẹ́rẹ́, á ní ojú ọjọ́ kúùlù. Bí ẹ bá ná ọjà rẹ̀ tó sì gbà, á ní ó kúùlù. Àmọ́ èyí tó fi ń yangàn jù ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sáré, kì í làágùn, kì í pariwo, òun gan-an sì ni.

"Ìdàpọ̀, bọ́ọ̀sì ń lọ o!"

"Á dúró dè mí."

Bọ́ọ̀sì kò dúró dè é rí.

Motún ló ń fẹ́, ọmọ Bàbá Gabriel, àgbẹ̀ kòkó ní Ago Alaye. Motún kìlọ̀ fún un: "Bàbá mi fẹ́ rí ọ lọ́jọ́ Sátidé. Bí o ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa ti parí nìyẹn."

"Fọkàn balẹ̀. Èmi náà nìyí, kúùlù."

Ó wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn ọ̀sán, ó fi awò dúdú sójú, ó gun ọkadà. Eruku ọ̀nà sọ kóòtù di pupa. Nígbà tó bọ́ awò láti kí àwọn àna rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló mọ́.

"Ṣé ojú ló ń dùn ún ni?" ìyá àgbà béèrè.

Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí kóòtù, bí ẹni tó ń dán ibùsùn wò.

"Bọ́ kóòtù yẹn, ọmọ mi," Ìyá Motún sọ. "Ooru mú."

"Rárá, mà. Ibí yìí kúùlù gan-an." Òógùn rẹ̀ sì ń kán sínú omi tí wọ́n gbé fún un.

Kòkó wà lórí tapólì ní ojúde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Òun ni wọ́n ń retí láti fi jẹun lọ́dún yẹn. Lójijì ni ọ̀run ṣú.

"Òjò o!"

Bàbá fò dìde. Ìyá sáré. Ìyá àgbà ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó sáré.

"Ìdàpọ̀! Di etí tapólì yẹn mú!"

Ìdàpọ̀ dìde. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó ń rìn bọ̀ ní tìrẹ̀. Ó ń wù ú láti sáré, ṣùgbọ́n Motún ń wò ó.

"Ẹ fara balẹ̀, sà. Èmi kì í sáré."

"Atẹ́gùn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀!"

Lóòótọ́ kò mọ̀. Atẹ́gùn gbé etí tapólì sókè, kòkó dà sílẹ̀, òjò ńlá sì sọ gbogbo ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Bàbá figbe ta. Ìgbà náà ni àrá sán.

Yéè! Ẹ ò rí eré! Ìdàpọ̀ fò kọjá Bàbá, ó fò kọjá agbọ̀n, díẹ̀ ló kù kó gbá ìyá àgbà ṣubú. Bàtà rẹ̀ kan kù sínú ẹrẹ̀. Ó wọ ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì kó sábẹ́ tábìlì. Gbogbo onílé wà ní ìta nínú òjò.

Bàbá kan ilẹ̀kùn. "Ìbídàpọ̀."

"Sà?"

"Ṣí ilẹ̀kùn ilé mi."

"Ṣé àrá ti lọ, sà?"

Motún rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Bàbá dúró níbẹ̀, omi ń ro lára fìlà rẹ̀. Kò jọ pé inú ń bí i rárá. Ó rọra na bàtà yẹn sí Ìdàpọ̀.

"O mọ eré sá, ọmọ mi. Ọkadà kì í dé ibí bí òjò bá ti rọ̀. Máa sá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Ore."