Búrẹ́dì Ẹran Tísà Láyíwọlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹran ló fà á, ẹran àti eyín Bàbá Adéoṣùn. Ẹni tó bá sì ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí Bàbá, kó mú ẹlẹ́rìí wá.

Bàbá Adéoṣùn yìí ti ṣe kúùkù fún àwọn òyìnbó rélùwéè rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, nǹkan méjì ló kó bọ̀ wálé: eyín àtọwọ́dá tó ń dán gbinrin, àti ìfẹ́ búrẹ́dì ẹran. Ẹran lílọ̀ ni. Wọ́n á po ẹyin, àlùbọ́sà àti èérún búrẹ́dì mọ́ ọn, wọ́n á rọ́ ọ sínú agolo búrẹ́dì, wọ́n á sì yan án. Bàbá wá búra pé ẹni tí kò bá lè yan irú rẹ̀ fóun kò ní fẹ́ Mojírọlá, ọmọ òun.

Ta ló ń fẹ́ Mojírọlá? Tísà Láyíwọlá, olùkọ́ ìṣirò. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà kò jẹ́ kó sùn. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí Tísà dúró kí omi hó, á ti máa tìka bọ̀ ọ́ wò.

Ó gbé ẹran rẹ̀ lọ sí ilé búrẹ́dì. Màmá Oníbúrẹ́dì ju ẹ̀kúnwọ́ fùláwà sínú ààrò alámọ̀, ó ń ka ení, èjì, láti mọ bí ààrò ṣe gbóná tó. Ó ka ọgọ́ta kí fùláwà tó pọ́n.

"Ó ti rọlẹ̀ tó. Ìgbóná tí búrẹ́dì àárọ̀ fi sílẹ̀ la fi ń yan ẹran, Tísà. Ẹ má fi igi kún un o. Tó bá pé wákàtí kan àbọ̀, ó ti jinná."

"Wákàtí kan àbọ̀ kẹ̀? Màmá, bí ìgbóná yìí bá gba wákàtí kan àbọ̀, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ á gba ààbọ̀ wákàtí. Ìṣirò ni!"

"Ẹran ò lọ ilé ìwé, Tísà."

Bí màmá ṣe gbé búrẹ́dì jáde lọ tà báyìí, Tísà ki igi mẹ́sàn-án bọ ààrò. Iná ń bú ramúramù. Lẹ́yìn ààbọ̀ wákàtí, ó fa ẹran jáde, ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó là á díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú. Kí ni èèyàn gidi máa ṣe? Á lọ tọrọ àforíjì. Tísà ní ìṣirò òun ló kù díẹ̀ kó pé, ló bá tún ki igi méjìlá sí i.

Nígbà tó gbé e dé iwájú Bàbá àti Mojírọlá, ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ ṣẹ́. Ajá ilé gbọ́ òórùn rẹ̀, ó padà lọ sùn.

"Ẹ gé e jẹ, Bàbá," ni Tísà wí. "Èèpo rẹ̀ nìkan ló yi díẹ̀."

Bàbá ti ń retí ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, ó gé e jẹ tagbáratagbára. Nígbà tó gbórí sókè, ẹnu rẹ̀ ti ṣófo. Eyín wà lára ẹran, tòkè tìsàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn.

Tísà di eyín mú, ó fẹsẹ̀ ti ògiri, ó fẹ́ fà á.

"Ẹ fi sílẹ̀!" Mojírọlá kígbe. Ó gbé ẹran náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó ń fi òróró pa á ní eteetí, ó ń mì ín díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n eyín jáde, ẹyọ kan ò sán.

Bàbá fọ̀ ọ́, ó fi í sẹ́nu. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Tísà, ẹran rẹ ò ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́wàá, ìwọ nìkan lo gbìyànjú, mo fún ọ lọ́mọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ò lè dúró wákàtí kan àbọ̀, wàá dúró ọdún kan àbọ̀ kí ẹ tó ṣègbéyàwó."

Tísà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù. Ẹ̀mí mi ò gbé e!"

Bàbá fìka kan eyín rẹ̀. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó gbé ẹran náà sókè, ó là á mọ́ tábìlì, tábìlì sì là sí méjì. "Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."