Adé Àgbà Tí Kì Í Lo Oògùn

Ẹ bá mi kí Kapitan Hilarion Macaspac, Àgbà-má-ṣàìsàn, A-jẹ-awọ-ẹlẹ́dẹ̀-má-bojúwẹ̀yìn. Ó ti pé ọdún méjìlá tó ti kúrò nípò Kapitan, ìyẹn olórí àdúgbò, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá pè é ní Hilarion lásán, kò ní dáhùn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ó ń pa irun láró ní gbogbo Sátidé, ó sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́ pé oògùn kò gba ọ̀fun òun kọjá rí.

Láàárọ̀, bí àwọn àgbà bá péjọ láti jó fún ìlera, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ̀? Ọ̀lẹ ló ń ṣe yín. Ẹ wò mí. Sisig, ẹran orí ẹlẹ́dẹ̀ ọlọ́ràá, láàárọ̀, sisig lálẹ́, ara mi ń ta kébékébé."

Pura ìyàwó rẹ̀ kì í dá sí i. Ohun tó ń ṣe é ju yẹ̀yẹ́ lọ. Oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un fún oṣù kan kì í pé ogúnjọ́ mọ́ tó fi ń tán, òòyì sì ń kọ́ ọ.

"Bàbá Nonoy, ẹ ò bá mi rí oògùn mi?"

"O ti lò ó, Ìyá Nonoy. Ogbó ló dé yẹn, o ti gbàgbé."

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù orí ara rẹ̀. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ọdún àdúgbò dé. Wọ́n ní adé kan wà fún àgbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá láìlo oògùn. Ẹni tó bá gbà á ni yóò kọ́kọ́ gé awọ lechon, odidi ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sun, lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ru sí. Kí ẹ̀jẹ̀ má baà dójú tì í, Kapitan lọ gbé hóró oògùn mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Jovelyn, obìnrin tó ń rí sí ìlera àdúgbò, wé ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n.

"Kapitan, ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ jù. Ẹ má dìde o."

Kapitan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ atọ́kùn. "Ẹ ò gbọ́ bí? Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogún ọdún ni. Ẹ gbé adé mi wá."

Ó dìde. Ẹsẹ̀ kò gbà á. Ó wó lu tábìlì, ó sì gbá ẹlẹ́dẹ̀ sísun náà mọ́ra bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà. Òógùn bò ó, aró irun sì ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, oògùn wo lẹ lò?" ni Jovelyn bi í.

"Mi ò kì í... lo oògùn."

"Bẹ́ ẹ ò bá sọ, mi ò ní mọ bí mo ṣe máa tọ́jú yín. Ẹ lè kú síbí."

Kapitan wo adé, ó wo ojú àwọn èèyàn. Gbogbo ọjọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

"Ti Pura ni," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mẹ́rin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú un."

Ó ti gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ òun. Títí dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbọ́. Àwọn àgbà tí Kapitan ti ń fi ṣẹ̀sín rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Pura kò rẹ́rìn-ín. Ó bá Jovelyn gbé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lé orí àga, ó sì dúró tì í títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀. Àwọn àgbà wá gbé ọ̀bẹ fún Pura. Òun ló kọ́kọ́ gé awọ náà, tó sì ń pín in kiri.

Kapitan na ọwọ́. "Ìyá Nonoy, èmi ńkọ́? Èyí tó kéré náà tó."

"Ẹ ti jẹ ẹ́, Bàbá Nonoy," ni Pura dá a lóhùn. "Ogbó ló dé yẹn, ẹ ti gbàgbé."