Fèyísọ́lá Kúnlẹ̀, Bọ́ọ̀lù Lọ

Ẹnu Fèyísọ́lá ti Ẹdẹ kì í ṣe ẹnu kékeré. Ó mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá lóòótọ́, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ni aṣáájú tó ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú, tó ń pín in fún àwọn yòókù. Àmọ́ kó tó gbá a lẹ́ẹ̀kan, á ti ròyìn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

"Kò sí ọmọ tí obìnrin bí tó lè gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi," ló máa ń wí. "Àfi tí mo bá fi ta á lọ́rẹ."

Ẹgbẹ́ obìnrin kan l'Ékòó, tó ń sanwó oṣù, wá ránṣẹ́ pé kóòṣì àwọn ń bọ̀ wá wo eré, kó lè mú aṣáájú kan ṣoṣo. Bí èyí bá bọ́ mọ́ Fèyísọ́lá lọ́wọ́, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ló ń padà sí. Ẹlòmíì ì bá lọ sinmi. Fèyísọ́lá dìde lásìkò ìjẹ́rìí, ó pe gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi wá wòran.

Wọ́n sì wá. Wọn ò kàn wá pa pọ̀ ni.

Abọ́sẹ̀dé, ọmọ Sekona kan tí kì í sọ̀rọ̀, ló ṣáájú ìhà kejì. Fèyísọ́lá ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ pà-pà-pà nígbà tí Díákónì Ọládipúpọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọlé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Fèyísọ́lá. Kó tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Wàá borí, ọmọ mi. Ọ̀tá ò ní gba ògo ẹ."

Kó tó ṣe àmín, Abọ́sẹ̀dé ti gba bọ́ọ̀lù, ó ti jù ú sápẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́, ìyá Kúnlé, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Fèyísọ́lá, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ta ló máa torí bọ́ọ̀lù pàdánù ọkọ? Ó tún kúnlẹ̀. Abọ́sẹ̀dé tún gbà á.

"Fèyí," ni Zakariyah oníkẹ̀kẹ́ tó ń wòran wí, "ṣé bọ́ọ̀lù lò ń gbá ni, àbí abẹ́rẹ́ ẹ ló jábọ́?"

Ìgbà náà ni Ìyá Ìjọ kó ẹgbẹ́ obìnrin dé, mọ́kàndínlógún. Fèyísọ́lá ń fi orúnkún rìn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

"Ṣé èmi lo ò rí ni?" lẹni tó kẹ́yìn wí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún pápá lọ́jọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù ọmọ ló ń wọ́ kiri.

Nígbà tí eré parí, kóòṣì, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, dìde.

"Ta ló pe àwọn àgbà yìí?"

"Èmi ni, mà," ni Fèyísọ́lá wí.

"Abọ́sẹ̀dé, ta ni ìwọ pè?"

"Mi ò pe ẹnì kankan, mà. Mo rò pé mo lè má gbá a dáadáa." Bọ́ọ̀lù ṣì wà ní abíyá rẹ̀.

"Lọ di ẹrù ẹ. Èkó yá."

Fèyísọ́lá sáré síwájú, ó kúnlẹ̀ gbì lẹ́sẹ̀ kóòṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi. Kí ni mo ṣe?"

Kóòṣì wo orúnkún rẹ̀.

"Èyí tó ò ń ṣe yìí náà ni."