Kíbọ́ọ̀dù Apárí

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ Adébùsóyè lọ́nà Oda, ìró ni wọ́n fi wé e bí ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n tú u, kíbọ́ọ̀dù ni. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo lójú rẹ̀.

Leah, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ló pe ẹjọ́. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ pín irúgbìn àgbàdo, lọ́dún tí ọ̀pọ̀ ilé ti se irúgbìn tiwọn jẹ. Bí wọn kò bá to orúkọ àwọn àgbẹ̀ tán lórí kọ̀ǹpútà lónìí, abà mìíràn ni wọ́n máa gbé irúgbìn náà lọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

"Bàbá, Bọ̀ọ̀dá Akíntóyè fi kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó wọn ya àmì sórí gbogbo bọ́tìnì. Òmíràn dà bí ìwọ̀ ẹja, òmíràn bí ọmọdé tó ń ta òkìtì."

Akíntóyè, ará Oǹdó, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì, tún fìlà ṣe.

"Èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ṣètò orúkọ, àmì ló ń lò. Àmì kan ń ṣe iṣẹ́ ìlà mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ kan tí ń rán agbádá mẹ́wàá. Ó yára; epo jẹnẹrétọ̀ ni mò ń bá ẹgbẹ́ ṣọ́."

"Kò sí èdè tó ń lo bọ́tìnì bó ṣe wà ni?" ni Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Ó wà, Bàbá," ni Leah wí. "Òun ni mo mọ̀. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe."

"Mo ti rí i," ni Akíntóyè wí. "Ó dà bí ibi tí eṣinṣin su sí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Silas, tó ń bá èèyàn ṣájì fóònù, ní ìṣẹ́jú kan ni olùkọ́ fi ń parí iṣẹ́.

"Ìṣẹ́jú kan?" ni Bísọ́dún, akápò ẹgbẹ́, wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni olùkọ́ fi wá àmì ìwọ̀ ẹja yẹn."

"Iná ò sí lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn," ni Silas wí.

"Ìwọ wá rí wọn nínú òkùnkùn?"

Silas jókòó. Baálẹ̀ yí kíbọ́ọ̀dù náà síwá sẹ́yìn.

"Àwọn àmì náà dà?"

Leah wo ilẹ̀. "Mo fi oògùn tí ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ nù wọ́n kúrò, Bàbá."

"Lẹ́tà ńkọ́?"

"Wọ́n bá wọn lọ."

Àwọn ìjòyè fi abẹ̀bẹ̀ bo ẹnu.

"Leah, ṣé o mọ ibi tí lẹ́tà wà láìwò ó?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Olùkọ́, àmì ńkọ́?"

"Bí mo ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé mi."

"Lẹ́tà ńkọ́?"

Akíntóyè ṣí fìlà, ó họ orí.

"Ó dáa. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà wá síbí. Leah á tẹ orúkọ, olùkọ́ á tẹ àmì, àga kan ṣoṣo lẹ jọ máa jókòó lé. Ẹni tó bá dìde kí iṣẹ́ tó parí, òun ló máa pe orúkọ gbogbo àgbẹ̀ lórí lọ́la, láìwo ìwé. Kútẹ́ẹ̀sì sì di èèwọ̀ lábà yìí, títí kan ti ìyàwó mi."

Wọ́n jókòó, ìdajì ìdí níta. Leah tẹ orúkọ títí ó fi kan Oyèníyì, ẹni ìkẹyìn. Ó ku kí wọ́n fi àmì tò wọ́n. Ó wo àwọn bọ́tìnì tí kò lójú yẹn, ó wo olùkọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́tìnì tó ń tò wọ́n hàn mí."