Mo Kàn Wá Jókòó Ti Ganesh Ni

Pálọ̀ ilé Ọ̀gbẹ́ni Patil ní Naperville l'Amẹ́ríkà ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù September, oòrùn ò tíì wọ̀. Ère òrìṣà olórí erin kan jókòó sórí tábìlì tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Fìtílà ń jó níwájú rẹ̀, agogo kékeré kan àti àwo oúnjẹ dídùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà. Ní igun yàrá lọ́hùn-ún, Alhaji Ṣàkírù Adéògún, aládùúgbò tó mọ gbogbo nǹkan láyé yìí, kẹ́yìn sí òrìṣà, ó dojú kọ ògiri. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀, ó fa fìlà ẹ̀wù náà bojú, òógùn sì ti bò ó. Daud, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó dé láti Ìwó lọ́dún tó kọjá, wọlé gba ẹnu ọ̀nà iwájú tí Alhaji ti ṣí sílẹ̀ dè é, pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́. Láti Lansing ló ti wa mọ́tò wá, torí ẹ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ náà le.

DAUD: Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.

ṢÀKÍRÙ: Ta lò ń kí?

DAUD: Ẹ̀yin ni mo kí ní “ẹ kú ilé.” Bàbá tó wà lórí tábìlì ni mo kí ní “sà.”

ṢÀKÍRÙ: Astagfirullah! Òrìṣà nìyẹn! Ṣé o ò rí imú rẹ̀ ni?

DAUD: Mo rí i. Mo ní kí n má tẹjú mọ́ ọn ni. Kò dáa kéèyàn máa wo àbùkù ara ẹlòmíì.

ṢÀKÍRÙ: Jókòó síbí. Kọjú sí ògiri.

DAUD: Kí ló wà lára ògiri?

ṢÀKÍRÙ: Ẹ̀sìn wa ló wà níbẹ̀!

Daud wo ògiri títí, kò rí nǹkan kan àfi ibi tí wọ́n ti ń tan iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún nǹkan lẹ́nu.

ṢÀKÍRÙ: Kí lo ń jẹ?

DAUD: Èyí tó wà nínú àwo yẹn ni. Mo tọrọ ẹyọ kan lọ́wọ́ bàbá, wọn ò ní kí n má mú un.

ṢÀKÍRÙ: Tu ú dànù!

DAUD: Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Àgbọn wà nínú ẹ̀. Ó dùn gan-an.

ṢÀKÍRÙ: Èyí tó ṣe ọ́ yìí, àìmọ̀kan ni. Gbọ́ mi. Mo mọ àwọn ará Íńdíà tinú tẹ̀yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òṣogbo, kò sí sinimá Íńdíà tí wọ́n gbé dé tí mi ò wò.

DAUD: Ẹ gbọ́ èdè wọn?

ṢÀKÍRÙ: Ta ló ń gbọ́ èdè? Tí wọ́n bá ń sunkún, a mọ̀ pé ìyá wọn ló kú. Tí wọ́n bá ń jó, a mọ̀ pé wọ́n ti rí ìyàwó fẹ́. Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

DAUD: Èyí tí wọ́n ń ṣe níbí wá ńkọ́? Ṣé ìyá wọn ló kú ni àbí ìyàwó ni wọ́n rí?

ṢÀKÍRÙ: Ọdún ni wọ́n ń ṣe. Ganesh lorúkọ eléyìí, àlejò ni wọ́n sì kà á sí. Wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á kọrin fún un, wọ́n á wá gbé e sómi kó máa lọ. Tó bá ti wọlé báyìí, wọn ò gbọdọ̀ fi òun nìkan sílé. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ńlé pẹ̀lú ẹ̀.

DAUD: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa náà kì í fi àlejò nìkan sílé, ká wá jáde lọ.

ṢÀKÍRÙ: Má fi wá wé wọn!

DAUD: Ọ̀gbẹ́ni Patil wá dà?

ṢÀKÍRÙ: Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń rọbí. Òun àti ìyàwó ẹ̀ ti sáré lọ sí ọsibítù. Ó wá kan ilẹ̀kùn wa, ó ní, “Alhaji, please, just sit.” Kí n má ṣe nǹkan kan, kí n ṣá jókòó. Mo ti fẹ́ wá àwáwí, ni Kàfáyàtù ẹ̀gbọ́n ẹ bá na ọwọ́ sí mi.

DAUD: Ọwọ́ wo?

ṢÀKÍRÙ: Èyí tó dá nígbà tó yọ̀ ṣubú lórí snow ní January.

DAUD: Ẹ̀n-ẹ́n! Ọjọ́ tí ẹ pa fóònù yín! Ọ̀gbẹ́ni Patil ló gbé wọn lọ sí ọsibítù, tó jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú…

ṢÀKÍRÙ: Mo wà ní mítìnì!

DAUD: Mítìnì oyè yín.

ṢÀKÍRÙ: Mítìnì ẹ̀sìn! Sunday yìí ni wọ́n máa wé láwàní fún mi, Balógun Àdínnì gbogbo Illinois. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a, Daud. Tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa bá gbọ́ pé mo jókòó ti òrìṣà, Alhaji Abdussalam tá a jọ ń du oyè náà ni wọ́n máa wé e fún. Ẹ̀sùn tó máa kà sí mi lọ́rùn ló ń wá kiri.

DAUD: Ẹ̀yin náà sì lẹ ní kí wọ́n yọ Alhaja Muminat kúrò nínú ìgbìmọ̀ oúnjẹ, torí pé ó ń ṣe yoga.

ṢÀKÍRÙ: Ọ̀dọ̀ àwọn eléyìí náà ni yoga ti wá!

DAUD: Dókítà ló ní kó ṣe é. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

ṢÀKÍRÙ: Kí ló dé tí ò lo Panadol?

Ó fi etí ẹ̀wù nu òógùn. Daud wò ó tàánútàánú.

DAUD: Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ ẹ̀wù snow yìí. Ooru ń mú.

ṢÀKÍRÙ: Kí àwọn èèyàn má baà dá mi mọ̀ ni. Mo fo ọgbà ẹ̀yìnkùlé, mo wá gba fèrèsé kíṣìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọlé.

DAUD: Ṣé wọn ò fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ni?

ṢÀKÍRÙ: Wọ́n fún mi. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló ń ṣí, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀! Ìdí tí mo fi pè ọ́ nìyẹn. Ìwọ jókòó tì í, kí èmi máa lọ.

DAUD: Mùsùlùmí lèmi náà o.

ṢÀKÍRÙ: Mo mọ̀, ṣùgbọ́n o ò tíì lọ sí Mẹ́kà. Ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ ò tó tèmi.

DAUD: Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà ń wo ipò ni?

ṢÀKÍRÙ: Gan-an ni. Aṣọ funfun lèmi, aṣọ mẹkáníìkì nìwọ. Tí epo bá ta sí tìẹ, ta ló máa rí i?

DAUD: Ẹ̀yin ni wọ́n bẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ sá lọ, ọwọ́ yẹn ni wọ́n máa tún nà sí yín. Mo lè bá yín jókòó ṣá. Oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé kalẹ̀ fún yín kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ rèé. Ìrẹsì ni.

Ebi kì í mọ ẹni tó ń lọ joyè. Alhaji já ọ̀rá gbà, ó ṣí abọ́, ó bu ṣíbí kan. Kó tó gbé e dé ẹnu, ó yíjú padà sí tábìlì bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti kékeré.

ṢÀKÍRÙ: Ẹ wá jẹun o.

Ṣíbí dúró lójú òfuurufú.

DAUD: Ta lẹ pè?

ṢÀKÍRÙ: Ìwọ ni.

DAUD: Èmi kọ́. Ẹ ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá.

ṢÀKÍRÙ: Àṣà ni! Ẹnu ló sọ ọ́, ọkàn ò sí níbẹ̀! Ta ló máa jẹun lójú ẹni tí ò ní pè é?

DAUD: Kò burú. Àmọ́ ẹran màlúù ló wà lórí ìrẹsì yẹn. Wọ́n ní wọn kì í jẹ màlúù.

ṢÀKÍRÙ: Yéè! Bá mi bẹ̀ ẹ́!

DAUD: Ta ni kí n bẹ̀?

ṢÀKÍRÙ: Bẹ̀… má bẹ ẹnikẹ́ni! Gbé ẹran yìí lọ sínú mọ́tò, kíá!

Daud gbé abọ́, ó dé ojú fèrèsé, ó dúró.

DAUD: Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó obìnrin kan wà níta. Ó na fóònù sí ilé yìí.

ṢÀKÍRÙ: (ó yọjú, ó tún fà sẹ́yìn) Stella ni, ará òdìkejì títì. Òun ló ń ṣọ́ gbogbo àdúgbò yìí, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún un.

Fóònù Alhaji dún. Neighborhood group ni, ibi tí àwọn ará àdúgbò ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó kà á.

ṢÀKÍRÙ: Ó ní ọkùnrin kan tó bo orí ti gba fèrèsé wọ ilé Patil. Ó ní ẹnìkejì rẹ̀ ti wá bá a, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù sí.

DAUD: Ẹ jẹ́ kí n wo fọ́tò yẹn. Há, bàtà yín rèé lójú fèrèsé!

ṢÀKÍRÙ: Ó ń béèrè bóyá kí òun pe ọlọ́pàá. Gbogbo wọn ní kó pè é! Daud, a ti kú! Èèyàn dúdú méjì nínú ilé onílé, ọ̀kan nínú wọn sì bojú! Ṣé wọ́n máa béèrè Balógun kí wọ́n tó yìnbọn ni?

Jìnnìjìnnì bo àwọn méjèèjì, kì í sì í ṣe ti eré. Alhaji já fìlà ẹ̀wù sẹ́yìn, ó yọ orí síta.

ṢÀKÍRÙ: Stella! It's me! Ṣàkírù! You know me!

DAUD: (ó tẹ́tí) Ó ní Ṣàkírù tí òun mọ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí lẹ wá ṣe.

ṢÀKÍRÙ: I am only sitting!

DAUD: Ó ní ta ló ń fo ọgbà torí kó lè jókòó. Ẹ̀gbọ́n, ó ti gbé fóònù sétí o!

ṢÀKÍRÙ: Worship! I came for the worship!

DAUD: Ó ní kí ẹ ṣe é kí òun rí i. Ó ní wọ́n pe òun wá síbẹ̀ lánàá, òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

ṢÀKÍRÙ: Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe?

DAUD: Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n tinú tẹ̀yìn.

ṢÀKÍRÙ: Nínú sinimá, ijó ni!

DAUD: Ẹ jó.

Alhaji gbé ẹsẹ̀ méjì, ó mi èjìká, ó wo ojú fèrèsé.

DAUD: Ó ń mi orí. Ẹ mú agogo. Ẹ lù ú… ó ń wò yín. Ẹ gbé fìtílà, ẹ máa yí i níwájú bàbá. Rárá o, ó ní ẹ ń yí i sódì! Ọwọ́ ọ̀tún ni!

ṢÀKÍRÙ: (ó ń yí fìtílà) Ṣé ó ti gbé fóònù kúrò létí?

DAUD: Kò tíì gbé e kúrò. Ó ní bí ẹ ṣe dúró gbagidi yẹn ò jọ ti ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àlejò.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Alhaji ju ti ọlọ́pàá lọ. Kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọ Yorùbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà! Ó gbé fìtílà kalẹ̀, ó na gbọọrọ sílẹ̀, àyà, ikùn àti iwájú orí kanlẹ̀.

ṢÀKÍRÙ: Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ má bínú, ẹran yẹn kì í ṣe àfojúdi.

Ọkọ̀ kan ń bọ̀ ní títì. Alhaji ò gbórí sókè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó yí padà.

ṢÀKÍRÙ: Ọlọ́run mi, ìwọ lo mọ ọkàn mi. Ẹ̀rù ló dọ̀bálẹ̀ yìí, kì í ṣe èmi. Ọkùnrin yìí gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù nígbà tí mo ń wá oyè kiri, ojú ń tì mí. Ọmọ ẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Jọ̀ọ́, Ọlọ́run. Jọ̀ọ́.

Ọkọ̀ náà kọjá lọ. Ó ṣì wà nílẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Daud dúró tì í jẹ́jẹ́.

DAUD: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ó ti lọ.

ṢÀKÍRÙ: Ọlọ́pàá ńkọ́?

DAUD: Kò pè wọ́n mọ́. Ó ń nu ojú. Ẹ wo fóònù yín, Ọ̀gbẹ́ni Patil ló kọ̀wé. Obìnrin ni wọ́n bí. Àlàáfíà ni ìyá àti ọmọ wà.

ṢÀKÍRÙ: Alhamdulillah! Alhamdulillah!

Ó dìde, omijé wà lójú rẹ̀. Nígbà tó máa gbọn ẹ̀wù rẹ̀ tán, ó ti di Alhaji padà.

ṢÀKÍRÙ: Ó ti parí. O ò rí mi níbí o.

DAUD: Mi ò rí yín.

ṢÀKÍRÙ: Ẹnikẹ́ni ò rí mi.

DAUD: Àfi àwọn tó wà nínú neighborhood group. Stella ti gbé fídíò yín síbẹ̀, ó ní kí ẹ dárí ji òun, òun ò mọ̀ pé ẹni Ọlọ́run ni yín.

ṢÀKÍRÙ: Òyìnbó nìyẹn. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan níbẹ̀.

DAUD: Àfi ìyàwó yín. Àyà wọn já níbi iṣẹ́, wọ́n bá fi fídíò náà ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́, pé kí gbogbo ìjọ bá àwọn dúpẹ́, ọlọ́pàá ò pa ọkọ àwọn.

ṢÀKÍRÙ: (ó di tábìlì mú) WhatsApp ẹgbẹ́! Alhaji Abdussalam ti rí i?

DAUD: Wọ́n ti wò ó. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn.

ṢÀKÍRÙ: Ìmáàmù ńkọ́?

DAUD: Àwọn náà ti kọ̀wé.

ṢÀKÍRÙ: Kà á! Kí ni wọ́n sọ nípa oyè mi?

DAUD: Wọn ò mẹ́nu ba oyè. Wọ́n ní àwọn rí bí ẹ ṣe pẹ́ tó nílẹ̀ yẹn, tí ẹ ń fi omijé ṣàdúrà. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ohun tó máa ń lé yín tí ẹ fi máa ń sáré dìde tí ẹ bá forí kanlẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.